Mọ́tò Mi Bú Bíi Kìnnìún

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní Peckham, mo sítáàtì mọ́tò mi, ó bú ramúramù bíi kìnnìún. Olè ti gé catalytic converter abẹ́ rẹ̀ lọ! Platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀ ni wọ́n ń tà.

Bọ̀dá mẹkáníìkì ní, "Àbúrò, jẹ́ n jó páìpù lásán síbẹ̀, owó kékeré ni."

Ó wù mí o. Kámẹ́rà ULEZ, nọ́ńbà ọkọ̀ ló ń wò, kì í wo abẹ́ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mọ́tò mi kò ní yege àyẹ̀wò MOT. Pàtàkì jù, nǹkan yẹn ló ń sọ carbon monoxide, gáàsì tó ń pààyàn, di carbon dioxide. Láìsí i, imú àwọn ọmọ àdúgbò wa ni èéfín náà máa wọ̀.

Mo ra tuntun. Owó rẹ̀ dùn mí, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀.