Oríta Rélùwéè Èbúté Mẹ́ta: Ìbú Ojú Irin Ló Ń Pinnu Ibi Tí Ọkọ̀ Lè Yà Sí

Ní Èbúté Mẹ́ta ni ojú irin àtijọ́ tó ti òkè ọya bọ̀ ti ń pín sí méjì bó bá wọ Èkó: apá kan forí lé Ìdó, apá kejì yà sí èbúté Apápá. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2024 tí ọkọ̀ Red Line ti ń kó èrò láàárín Oyíǹgbò àti Agbádò, àwọn èèyàn ń rí ojú irin tuntun àti ti àtijọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ládùúgbò yìí, ọ̀pọ̀ sì rò pé ọkọ̀ lè kúrò lórí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìbú ojú irin méjèèjì yàtọ̀.

Ìbú ojú irin ni àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá irin méjì tí ọkọ̀ ń gùn, láti ẹ̀gbẹ́ inú èyí dé ẹ̀gbẹ́ inú èkejì. Ti àtijọ́ jẹ́ mìlímítà 1,067, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àbọ̀. Ti tuntun jẹ́ mìlímítà 1,435. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní etí kan tó yọ sísàlẹ̀ ní apá inú, òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ yẹ̀ kúrò lórí irin. Ọ̀pá kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, nítorí náà wọn kò lè súnmọ́ra, wọn kò sì lè jìnnà síra.

Awakọ̀ rélùwéè kò ní ohun tó fi ń darí ọkọ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ní oríta, irin méjì tí orí wọn rí ṣóńṣó ni wọ́n máa ń tì síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tó dúró ni etí ẹsẹ̀ ọkọ̀ yóò tẹ̀ lé, gbogbo ọkọ̀ á sì yà síbẹ̀. Ètò yìí kò lè ṣiṣẹ́ àyàfi tí ìbú gbogbo ẹ̀ka tó pàdé níbẹ̀ bá dọ́gba.

Ní ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Èkó. Ní oṣù Kẹta ọdún 1901 ni wọ́n ṣí i dé Ìbàdàn. Owó ló jẹ́ kí wọ́n mú ìbú tóóró: ojú irin tóóró lè yí kọ́nà há, kò sì gba kí wọ́n gbẹ́ òkè tàbí kí wọ́n di kòtò púpọ̀. Ìbú kan náà ni wọ́n ti ń lò ní Gúúsù Áfíríkà, òun náà ni wọ́n sì lò ní Gold Coast, tí í ṣe Gánà òde òní. Èbúté Mẹ́ta di ìlú àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ wà, ibẹ̀ ni Jaekel House tí wọ́n kọ́ ní 1898 ṣì wà, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè sì ni Michael Imoudu, aṣáájú ìyanṣẹ́lódì ńlá ọdún 1945, ti dìde. Nígbà tí wọ́n kọ́ èbúté ọkọ̀ ojú omi sí Apápá ní àwọn ọdún 1920, iṣẹ́ oríta náà wá pọ̀ sí i: èrò ń lọ sí Ìdó, ẹrù ń lọ sí Apápá.

Ìpinnu mìíràn láti òkè ọya ló jẹ́ kí oríta yìí wúlò kọjá ilẹ̀ Yorùbá. Ìjọba Àríwá, lábẹ́ Percy Girouard, bẹ̀rẹ̀ ojú irin tirẹ̀ láti Baro sí Kánò ní 1907, mìlímítà 1,067 kan náà ni wọ́n sì lò. Ìdí nìyẹn tí ojú irin méjèèjì fi lè so pọ̀ ní Minna, tí wọ́n sì fi di ilé iṣẹ́ kan ní 1912. Èpà tí wọ́n bá dì sínú wágọ̀n ní Kánò lè rin ohun tó lé ní kìlómítà 1,100 dé Èkó láìjẹ́ pé wọ́n já a kalẹ̀ lọ́nà. Ní Zaria, nǹkan yàtọ̀. Mìlímítà 762 péré ni ìbú ojú irin kékeré tó ti Bukuru kó tíìnì wá síbẹ̀, torí náà wọ́n ní láti máa kó ẹrù láti inú wágọ̀n kan sínú òmíràn. Wọ́n ti ojú irin náà pa ní 1957.

Irú ìṣòro Zaria yìí ló ti wà ní Èkó báyìí. Ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó kìlómítà 157, ni wọ́n ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021, orí rẹ̀ náà sì ni Red Line ń gbà. Mìlímítà 1,435 ni Amẹ́ríkà àti Ṣáínà ń lò, ìyẹn ló jẹ́ kí ọkọ̀ Talgo tí wọ́n ṣe fún ìpínlẹ̀ Wisconsin lè wá máa kó èrò Agége àti Ìkẹjà. Ṣùgbọ́n wágọ̀n tó bá ti Kánò gba ojú irin àtijọ́ wá kò lè bọ́ sórí ti tuntun.

Àwọn kan gbà pé ìbú tó fẹ̀ ni eré. Ṣùgbọ́n ní Queensland, ní Ọsirélíà, ọkọ̀ kan sá eré kìlómítà 210 láàárín wákàtí kan ní 1999, lórí mìlímítà 1,067. Bí kọ́nà ṣe yí, bí òkúta abẹ́ irin ṣe le tó, afárá àti iná àmì ló ń pinnu eré ju ìbú lọ. Èrè tó dájú lára ìbú tuntun ni pé ọkọ̀ àti ohun èlò rẹ̀ rọrùn láti rí rà lágbàáyé.

Ọ̀nà méjì ló wà láti so ojú irin méjèèjì pọ̀. Èkíní ni àgbàlá tí kíréènì yóò ti máa gbé kọ̀nténà láti orí wágọ̀n kan sórí òmíràn. Èkejì ni ọ̀pá irin kẹta: ìyàtọ̀ ìbú méjèèjì jẹ́ mìlímítà 368, àyè sì wà fún un láàárín. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é nínú ihò abẹ́ òkun Seikan ní Japan. Ó jọ pé àgbàlá kíréènì ló máa bá Nàìjíríà mu jù, nítorí ọkọ̀ ẹrù àtijọ́ tó ń rọra rìn lè dí ọkọ̀ èrò lọ́wọ́. Bóyá ní ọ̀nà kúkúrú tó wọ Apápá nìkan ni ọ̀pá kẹta ti lè bójú mu. Èyí tó wù kí wọ́n yàn, kò yẹ kí wọ́n hú ojú irin àtijọ́ níwọ̀n ìgbà tí ti tuntun láti Èkó kò tíì kọjá Ìbàdàn, torí pé òun nìkan ló so Apápá mọ́ Kánò láìjá ẹrù kalẹ̀.