Ilé Onídígí ti Rotterdam: Bí Ilé Kọfí àti Tábà Ti Di Ilé Àwọn Akọ̀wé

Ní ìlú ńlá gbogbo, bí ilé iṣẹ́ kan bá gbó tí ẹ̀rọ inú rẹ̀ sì dákẹ́, ọ̀nà méjì ni àwọn onílé sábà máa ń mọ̀: kí wọ́n wó o, tàbí kí wọ́n tì í pa títí òrùlé rẹ̀ yóò fi jìn. Ọ̀nà kẹta kan wà tí ó ṣòro ju méjèèjì lọ. Òun ni pé kí a jẹ́ kí ilé náà dúró bí a ti bá a, kí a sì wá àyè fún àwọn akọ̀wé, fún tábìlì wọn àti ìwé wọn, nínú ibi tí a kò kọ́ fún wọn. Ìlú Rotterdam ní ilẹ̀ Họ́lándì ni a ti ṣe irú rẹ̀, ní ilé iṣẹ́ àwọn Van Nelle.

Àwọn Van Nelle kì í ṣe ọmọdé nínú òwò. Láti ọdún 1782 ni a ti mọ orúkọ náà ní Rotterdam nídìí títa kọfí, tíì àti tábà. Láàrín ọdún 1925 sí 1931 ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun lẹ́bàá omi tí ọkọ̀ ẹrù ń gbà. Brinkman àti Van der Vlugt ni ó ya àwòrán ilé náà. Ṣùgbọ́n Kees van der Leeuw, ọ̀kan nínú àwọn olórí òwò náà, ni kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Kò fẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ máa lo ọjọ́ ayé wọn nínú eruku àti òkùnkùn bí ti àwọn ilé iṣẹ́ àtijọ́. Ó fẹ́ ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ fún wọn.

Apá ti tábà ní àjà 8, ti tíì ní 3, ti kọfí sì wà láàrín wọn, ó ga ju ti tíì lọ, kò sì tó ti tábà. Ẹ̀rọ ni ó ń gbé ọjà tútù lọ sí òkè pátápátá, láti ibẹ̀ ni yóò ti máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ láti àjà dé àjà, bí iṣẹ́ ti ń lọ lórí rẹ̀, títí yóò fi di ohun tí a lè tà. Àwọn afárá tí a bò, tí ó dàgẹ̀rẹ̀ lójú òfuurufú, ni ó ń gbé e kọjá sí ilé ìkẹ́rùsí létí omi. Àwọn òpó tí a fi sìmẹ́ńtì àti irin dà ni ó ru gbogbo àjà, orí òpó kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ bí orí olú. Nígbà tí òpó ti ru ẹrù tán, kí ni ó kù tí ògiri yóò gbé? Nítorí náà ni wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ àti dígí ṣe ògiri náà. Nígbà tí Le Corbusier, gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé, bẹ̀ ẹ́ wò ní ọdún 1932, ìyìn ni ó fi kún ẹnu.

Kí ọdún 2000 tó dé, iṣẹ́ kọfí àti tábà ti dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹni tí ń gbé àpò, tí ń rìn lọ rìn bọ̀ nídìí ẹ̀rọ, ara rẹ̀ a máa gbóná. Ṣùgbọ́n akọ̀wé tí ó jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, orúnkún rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ jẹ́rìí sí otútù. Dígí ilé náà jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo, ó sì fẹ́lẹ́. Nígbà òtútù kò lè dí otútù lọ́nà, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn oòrùn a sì máa wọlé bí ẹni pé òun ni ó ni ín. Ariwo pẹ̀lú kò gbẹ́yìn, nítorí ilẹ̀ àti àjà tí a fi sìmẹ́ńtì dà a máa dá ohùn padà.

Ẹnikẹ́ni ni ìbá sọ pé: ẹ yọ dígí àtijọ́ kúrò, kí ẹ fi dígí oníṣẹ́po méjì rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n dígí bẹ́ẹ̀ wúwo. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ìgbà náà kò ní lè gbé e, a óò ní láti wá irin tí ó nípọn, bí irin bá sì ti nípọn, ilé tí ó dà bí aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò di ẹni tí ó wọ ẹ̀wù àwìn. Ojú ilé yìí ni iyì rẹ̀. Ẹni tí ó bá yí i padà, ilé mìíràn ni ó kọ́.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá, lábẹ́ àbójútó ayàwòrán ilé Wessel de Jonge, ni pé wọ́n kọ́ ilé sínú ilé. Wọ́n fi dígí ìta sílẹ̀ ní ẹyọ kan bí ó ti wà. Wọ́n wá fa sẹ́yìn díẹ̀ sí inú, wọ́n sì fi dígí mìíràn pa yàrá àwọn akọ̀wé níbẹ̀. Àyè tí ó wà láàrín dígí méjèèjì di ọ̀nà tí a ń rìn. Ẹni tí a bá bí sí agbo ilé ní ilẹ̀ wa kò níláti bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀: ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ti ń gba oòrùn àti òjò kí ó tó kan ẹni tí ó wà ní yàrá, bẹ́ẹ̀ ni ti ibẹ̀ ń gba ooru, otútù àti ariwo ìta, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń kọ̀wé. Nítorí pé dígí ni ògiri inú pẹ̀lú, ìmọ́lẹ̀ tí Van der Leeuw wá fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò dí. (Akọ̀wé tí ó bá fẹ́ràn láti tòògbé lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ni kò ní yin ọgbọ́n náà.)

Kì í ṣe ọ̀fẹ́ o. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ a máa jẹ ilẹ̀, ilẹ̀ tí a sì ń rìn lórí rẹ̀ kì í ṣe ibi tí a lè tẹ́ tábìlì sí. Onílé tí ojú rẹ̀ wà lára owó yàrá nìkan ìbá ti fa yàrá rẹ̀ lọ kan dígí ìta. Lójú tiwa, ohun tí wọ́n pàdánù níbẹ̀ kéré sí ohun tí wọ́n pa mọ́.

Ní ọdún 2014 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ ilé náà mọ́ ti àwọn ogún gbogbo ayé. Lẹ́tà ńláńlá tí ó pe orúkọ Van Nelle ṣì wà lórí òrùlé, yàrá roboto tí wọ́n kọ́ sí góńgó ilé ṣì wà pẹ̀lú. Bí ó bá sì di ọjọ́ kan tí a kò fẹ́ ọ́fíìsì níbẹ̀ mọ́, a lè tú àwọn yàrá inú wọ̀nyí kó jáde láì fọwọ́ kan òpó olórí olú kan.