Ṣé O Mọ̀? Ricoh GR, Kámẹ́rà Tí Àwọn Tó Ní I Kì Í Fi Sílé

Ṣé o mọ̀ pé kámẹ́rà kan wà tí kò ní súùmù, tí kò ní ihò tí à ń fojú yọ́ wò, tí fláàṣì kò sì sí lára rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ tí àwọn tó ní i kì í fẹ́ jáde láìmú un dání? Ricoh GR ni. Ilé iṣẹ́ Ricoh ti Japan ló ń ṣe é. Tí o bá tẹ́tí sí àwọn tó ti lò ó pẹ́, wàá rí i pé orísun kan náà ni ìdùnnú wọn àti ẹ̀dùn wọn ti ń sun: kámẹ́rà náà kéré. Ìwọ tó ń ronú àtirà á, wá gbọ́ ohun tí ojú wọn ti rí.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Ṣé o mọ̀ pé fíìmù ni GR kọ́kọ́ ń lò? Ọdún 1996 ni GR1 jáde. Ó fẹ́lẹ́, ó sì ń wọ inú àpò ẹ̀wù.

Ṣé o mọ̀ pé lẹ́ǹsì GR1 dára débi pé ní 1997, Ricoh ṣe é lọ́tọ̀ fún àwọn kámẹ́rà tó ń lo lẹ́ǹsì onísíkúrù irú ti Leica? Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péré ni wọ́n ṣe.

Ṣé o mọ Daido Moriyama? Ọmọ Japan ni, ọdún 1938 ni wọ́n bí i, òkìkí rẹ̀ sì kàn káàkiri ayé nítorí fọ́tò dúdú àti funfun tó ń yà ní ìgboro Tokyo. Kámẹ́rà kékeré GR ló máa ń wà lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe ń rìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló jẹ́ pé fọ́tò rẹ̀ ló mú wọn ra tiwọn.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 2005 ni GR bọ́ sórí díjítà, pẹ̀lú mẹgapísẹ́ẹ̀lì 8? Orúkọ rẹ̀ nígbà náà ni GR Digital.

Ojú ńlá nínú ara kékeré

Ṣé o mọ̀ pé ọdún 2013 ni nǹkan yí padà pátápátá? Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀, ni Ricoh pààrọ̀. Wọ́n fi sẹ́ńsọ̀ APS-C, irú èyí tó ń wà nínú àwọn kámẹ́rà ńlá tí à ń gbé kọ́ ọrùn, sínú GR. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́sàn-án ti GR Digital IV tó ṣáájú rẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ tó bá fẹ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí fọ́tò alẹ́ fi mọ́ nínú rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ kámẹ́rà àpò mìíràn.

Ṣé o mọ̀ pé GR III, tó jáde ní 2019, kò wúwo ju gíráàmù 257 lọ, pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú? Mẹgapísẹ́ẹ̀lì 24 ló ní. Nínípọn rẹ̀ kò ju mìlímítà 33 àti díẹ̀ lọ, ìka ọwọ́ kan péré sì tó láti darí ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kò ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan lọ tí GR III fi ń jí? O tẹ bọ́tìnnì, lẹ́ǹsì ti yọ síta, o lè yàwòrán. Ẹni tó bá ti pàdánù ẹ̀rín ọmọdé rí nítorí pé kámẹ́rà ṣì ń múra yóò mọ iyì èyí.

Ìka kan, fọ́tò kan

Ṣé o mọ ohun tí àwọn tó ní GR ń pè ní Snap Focus? Níbí ni mo fẹ́ ká dúró díẹ̀, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ń tìtorí rẹ̀ ra kámẹ́rà yìí.

Nínú kámẹ́rà mìíràn, tí o bá tẹ bọ́tìnnì dé ìdajì, ẹ̀rọ á kọ́kọ́ wá ibi tí ojú ènìyàn wà, á jẹ́ kó mọ́ kedere, lẹ́yìn náà ni yóò tó yà á. GR gbà ọ́ láyè láti sọ fún un ṣáájú pé, “mítà 2 ni kí o máa wò.” Láti ìgbà náà, tí o bá tẹ bọ́tìnnì wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò ní wá nǹkan kan mọ́, á yà á lójú ẹsẹ̀.

Tí o bá wá dín ojú lẹ́ǹsì kù sí f/8, tí o sì fi í sí mítà 2, ohun gbogbo láti nǹkan bí mítà 1 lọ títí dé ọ̀nà jíjìn ni yóò mọ́ kedere. Ohun tó kù kò ju kí o mọ mítà 2 lójú lọ: nǹkan bí ìgbésẹ̀ mẹ́ta. Àwọn tó ti lò ó pẹ́ ti mọ̀ ọ́n lára, wọn kì í tilẹ̀ wo ojú kámẹ́rà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé tí o bá pa ariwo ẹ̀rọ rẹ̀, ó ṣòro kí ẹni tó dúró tì ọ́ gbọ́ pé o ya nǹkan? Inú lẹ́ǹsì ni ìlẹ̀kùn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wà, ó kéré, kò sì ní jígí tó ń gbé sókè sódò. Èyí wúlò níbi ìsìn, níbi ìkàwé, àti níbi tí ọmọ ti ń sùn.

Ṣé o mọ̀ pé GR III lè súnmọ́ nǹkan dé sẹ̀ǹtímítà 6? Òdòdó, òrùka ìgbéyàwó, àrà ara aṣọ, gbogbo rẹ̀ ló ń yà láìsí pé o fi nǹkan kan kún un.

Ohun tí kíkéré ń gbà

Ṣé o mọ̀ pé bátìrì GR III kì í ju nǹkan bí fọ́tò 200 lọ, gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n CIPA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ kámẹ́rà ní Japan? GR II tó ṣáájú rẹ̀ ń ya nǹkan bí 320. Ara kámẹ́rà tuntun kéré sí i, àmọ́ fọ́tò tí bátìrì rẹ̀ ń yà dín kù. Èyí ni ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí o máa gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ní i.

Ṣé o mọ ọgbọ́n tí wọ́n ń dá sí i? Wọ́n á ra bátìrì kejì àti ìkẹta, wọ́n á sì máa fi páwà báǹkì ṣáàjì rẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí USB-C ló ń lò bíi ti fóònù. Àwọn mìíràn ti rí i pé bátìrì LI-90B ti Olympus bá a mu.

Ṣé o mọ̀ pé eruku ni ọ̀tá tó burú jù fún kámẹ́rà yìí? Wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nígbàkigbà tí o bá tàn án, lẹ́ǹsì á yọ síta. Tí o bá pa á, á padà wọlé. Bó ṣe ń jáde tó ń wọlé yìí, ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ, eruku tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ á sì bá a wọlé, á lọ bà sórí sẹ́ńsọ̀. O kò sì lè ṣí lẹ́ǹsì kúrò láti nù ún, nítorí ara kan náà ni wọ́n.

Ṣé o mọ bí o ṣe lè dá eruku náà mọ̀? Ya ojú ọ̀run tó mọ́ ní f/16. Tí o bá rí àmì dúdú róbótó tó ń padà wá sí ojú kan náà nínú gbogbo fọ́tò, òun nìyẹn. Ní f/2.8 o lè má rí i rárá, nítorí ojú lẹ́ǹsì tó bá ṣí gbayawu kì í jẹ́ kí òjìji eruku hàn kedere.

Ricoh fi ẹ̀rọ tó ń gbọn sẹ́ńsọ̀ sínú GR III kí eruku lè já bọ́. Ó ń ṣe ìrànwọ́, àmọ́ eruku tó bá lẹ̀ mọ́ ọn ṣinṣin di iṣẹ́ ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú u. Nítorí náà, ìwọ tó wà ní ilẹ̀ Yorùbá, nígbà ọyẹ́, má ṣe jù ú sínú àpò lásán. Wá àpò aṣọ kékeré fún un, kí o sì máa gbọn àpò náà dánù déédéé.

Ṣé o mọ̀ pé GR ti 2013 àti GR II ní fláàṣì lára, tí GR III kò sì ní? Ricoh yọ ọ́ kí ara rẹ̀ lè kéré. Ọ̀pọ̀ tó fẹ́ràn fọ́tò alẹ́ onífláàṣì kò tíì ta GR II wọn títí di òní.

Ṣé o mọ̀ pé fídíò GR III kò kọjá 1080p? Ẹni tó bá fẹ́ fi kámẹ́rà ṣe iṣẹ́ fídíò, ibòmíràn ni kó wò.

Ẹsẹ̀ rẹ ni súùmù

Ṣé o mọ̀ pé ojú kan ṣoṣo ni lẹ́ǹsì GR III fi ń wo ayé? 28 mm ni, ó fẹ̀, ó súnmọ́ bí lẹ́ǹsì àkọ́kọ́ ọ̀pọ̀ fóònù ṣe ń wò. Tí o bá fẹ́ kí ojú ènìyàn tóbi nínú fọ́tò, àfi kí o rìn lọ bá a. Àwọn tó ní i máa ń sọ pé èyí ló kọ́ wọn láti kí ènìyàn kí wọ́n tó yà á.

Ṣé o mọ̀ pé o lè ní kó gé fọ́tò náà sí 35 mm tàbí 50 mm fúnra rẹ̀? Àmọ́ mẹgapísẹ́ẹ̀lì 24 yóò di nǹkan bí 15, tàbí 7.

Ṣé o mọ̀ pé Ricoh gbọ́ ẹ̀bẹ̀ àwọn tí 28 mm fẹ̀ jù fún? Ní 2021, wọ́n gbé GR IIIx jáde pẹ̀lú lẹ́ǹsì 40 mm. Títí di báyìí, èwo ló dára jù nínú méjèèjì ṣì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Tí o bá ń ya ìgboro àti ilé, 28 ni kí o mú. Tí ó bá jẹ́ ènìyàn ni o fẹ́ràn jù, 40 ni.

Ó ṣẹ́kù nínú ọjà tó ń tú

Ṣé o mọ̀ pé ní 2010, kámẹ́rà kékeré tí àwọn ilé iṣẹ́ kó jáde lé ní mílíọ̀nù 100, tí ti 2023 kò sì tó mílíọ̀nù 2? Fóònù ló gba ọjà náà. Ohun tó ṣẹ́kù ni irú èyí tí fóònù kò tíì lè rọ́pò.

Ṣé o mọ̀ pé GR IV ti jáde ní 2025? Ohun tí wọ́n tún ṣe nínú rẹ̀ fi hàn pé wọ́n fetí sí àwọn tó ní i. Ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ kúrò ní 2GB, ó di 53GB, kí ẹni tó gbàgbé káàdì sílé má bàa kábàámọ̀. Bátìrì rẹ̀ ń ya nǹkan bí fọ́tò 250. Síbẹ̀, wọn kò dá fláàṣì padà sí i lára, wọn kò fi súùmù sí i, wọn kò sì fi ihò ìyọjúwò sí i. Èyíkéyìí nínú wọn ni ìbá sọ ọ́ di kámẹ́rà tó tóbi.

Nítorí náà, kí o tó náwó, má kọ́kọ́ béèrè ohun tí GR lè ṣe. Béèrè irú ẹni tí o jẹ́. Tí o bá nílò súùmù, fídíò, tàbí bátìrì tó ń tọ́ ọjọ́ méjì, fi owó rẹ ra nǹkan mìíràn láìbojúwẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n tí ó bá ń dùn ọ́ pé kámẹ́rà rere rẹ wà nílé ní gbogbo ìgbà tí ohun rere bá ń ṣẹlẹ̀ níta, ra GR, ra bátìrì méjì sí i, kí o sì wá àpò aṣọ fún un lọ́jọ́ náà gan-an.