Prius 2008 àbí 2012? Ohun tó yàtọ̀ láàárín ìran kan sí èkejì nínú hybrid tòkunbọ̀

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde ní Eagle Square l'Ábùjá pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Kí oṣù yẹn tó parí, lítà epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 ti kọjá ₦480 ní ilé epo NNPC, kò sì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń gbé Ganmo tó ń lọ síṣẹ́ n'Ílọrin lójoojúmọ́ mọ ohun tí mò ń sọ. Àtìgbà náà ni àwọn tí kò wo ojú hybrid rí ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀.

Àbúrò mi kan wà lára wọn. Ó fẹ́ máa fi ọkọ̀ kó èrò láàárín Ganmo àti Ìlọrin. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, Prius 2008 kan wà tí owó ọwọ́ mi ká. 2012 kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó wọ́n jù ú lọ dáadáa. Ṣé kí n yá owó kún un kí n mú tuntun yẹn ni?"

Ọ̀rọ̀ owó yíyá yẹn ló jẹ́ kí n jókòó ṣírò. Èsì tí mo rí yà mí lẹ́nu díẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí hybrid ń ṣe. Nínú ọkọ̀ lásán, tí ẹ bá tẹ bíréèkì, gbogbo eré tí ẹ ti fi epo sá á di ooru lára bíréèkì, afẹ́fẹ́ á sì gbé e lọ. Owó yín ló gbé lọ yẹn o. Ti Prius yàtọ̀. Ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà rẹ̀ á di jẹnẹrétọ̀ lójú ẹsẹ̀, á gba èyí tó pọ̀ nínú agbára yẹn, á sì kó o sínú bátìrì ńlá tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbéra, iná yẹn náà ni yóò kọ́kọ́ tì yín, ẹ́ńjìnnì á ṣì dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ kò ní í ki wáyà kankan bọ iná NEPA. (Àwa tí ilé iná ńlá 330kV wà ní Ganmo wa níbí tí a ṣì ń jókòó sínú òkùnkùn, ọ̀rọ̀ yẹn tù wá nínú jàre.)

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Offa Garage ni hybrid ti ń jèrè jù. Lọ́dọ̀ EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn bí ọkọ̀ ṣe ń jẹ epo, Camry lásán ti ọdún 2007 ń jẹ tó lítà 11 fún 100 kìlómítà nígboro, àti bíi 8 ní títì márosẹ̀. Prius ìran kejì yí i padà: 4.9 nígboro, 5.2 ní márosẹ̀. Tó bá jẹ́ pé Òmù-Àrán ni ẹ ń sá lọ sá bọ̀ láì dúró, èrè ṣì wà, àmọ́ kò ní pọ̀ tó ti ẹni tó ń ká ìgboro Ìlọrin.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ìran wá kàn. Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Toyota bẹ̀rẹ̀ sí í ta Prius ní Japan. Àwọn tí à ń rí jù lọ́jà tòkunbọ̀ ni ìran kejì, tí wọ́n ń pè ní 2004 sí 2009 ní Amẹ́ríkà, ìran kẹta láti 2010 sí 2015, àti ìran kẹrin láti 2016 sí 2022. Tí a bá pa ìgboro àti márosẹ̀ pọ̀, ìran kejì ń jẹ lítà 5.1 fún 100 kìlómítà, ìran kẹta ń jẹ 4.7, ìran kẹrin ń jẹ 4.5. Camry lásán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, bíi 10 ni tirẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ká ní èèyàn ń rin 50 kìlómítà lójúmọ́, fún 300 ọjọ́ lọ́dún. 15,000 kìlómítà nìyẹn. Ká sì pe lítà kan ní ₦1,000 kí ìṣirò má bàa le. Ẹni tó kúrò nínú Camry lásán bọ́ sínú Prius ìran kejì á dín epo kù ní lítà 735 lọ́dún, ìyẹn ₦735,000. Owó gidi ni. Àmọ́ ẹni tó kúrò nínú ìran kejì bọ́ sínú ìran kẹta, lítà 60 péré ló máa dín kù: ₦60,000 ní odidi ọdún kan. Láti ìran kẹta sí ìkẹrin, ₦30,000. Tí wọ́n bá fi mílíọ̀nù kan lé owó 2012 ju ti 2008 lọ, ọdún mẹ́rìndínlógún ó lé ni ẹ máa wà kí epo tó dá owó yẹn padà, láì tíì ka èlé orí owó tí ẹ yá.

Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń ka máìlì tí gálọ̀nù kan gbé ọkọ̀ dé. 46 ni ìran kejì, 50 ni ìran kẹta, ó sì dà bíi pé àlàfo ńlá wà níbẹ̀. Ẹ yí i padà sí lítà fún 100 kìlómítà, ẹ ó rí i pé ọkọ̀ tí kì í jẹun púpọ̀ tẹ́lẹ̀ kò ní nǹkan púpọ̀ tó lè dín kù mọ́.

Camry hybrid kò rí báyìí o, torí ẹ ó bá a pàdé lọ́jà náà. Èyí tó wà nínú ara Camry tí à ń pè ní Muscle, 2007 sí 2011, ń jẹ 6.9. Ti 2012 ní ẹ́ńjìnnì míì, 5.7 ni. Camry hybrid LE ti 2018 já wálẹ̀ sí 4.5. Lítà 180 ni ẹ ń dín kù lọ́dún ní ìpele kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, èyí sì tó ohun tí èèyàn lè torí rẹ̀ fi owó kún owó. Ọ̀rọ̀ Prius ni àbúrò mi bá wá, torí náà ibẹ̀ ni màá dúró sí.

Tí kò bá jẹ́ torí epo, kí ló wá yàtọ̀? Ibi tí wọ́n ti ń bàjẹ́ ni. Gbogbo èèyàn ló ń bẹ̀rù bátìrì, ó sì tọ́. Àkójọpọ̀ ni bátìrì yẹn: búlọ́ọ̀kù 28 tí wọ́n to síra, ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ fóltì 7.2, gbogbo wọn jẹ́ 201.6. Tí ọ̀kan ṣoṣo bá rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á tan iná pupa fún gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ orí àti ooru ló ń pa á ju ìrìn lọ, ẹ sì mọ bí ooru oṣù Kẹta ṣe ń rí ní Kwara. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn tó ń tajà kì í sọ ni pé irú bátìrì kan náà, búlọ́ọ̀kù 28 kan náà, ló wà nínú ìran kẹta. Bátìrì 2012 tí wọn kò pààrọ̀ rí ti lé ní ọdún mẹ́wàá òun náà. Ẹni tó bá yá owó kó lè sá fún bátìrì 2008, ó lè pàdé rẹ̀ níwájú.

Ìran kẹta sì ní wàhálà tirẹ̀ tí ìran kejì kò ní. Nígbà tí wọ́n yí ẹ́ńjìnnì padà láti 1.5 sí 1.8, wọ́n fi ọ̀nà kan sí i tó ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn tó bá ti tutù. Ọgbọ́n yẹn dára, ó wà lára ohun tó ń dín epo kù. Àmọ́ dúdú èéfín máa ń di ojú ọ̀nà náà bó bá pẹ́, bí ìgbà tí ẹ̀tù dí sàlẹ́ńsà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì hybrid gbà pé ibẹ̀ ni ooru àjùlọ ti ń bẹ̀rẹ̀, tí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì á fi jó, tí omi á máa yọ́ wọ inú sìlíńdà. Àtúnṣe yẹn lè wọ́n tó owó bátìrì, nígbà míì odidi ẹ́ńjìnnì ló máa ń di. Ìran kẹrin ṣe dáadáa ju èyí lọ, tí kì í bá ṣe owó rẹ̀.

Ohun kan tún wà. Ní oṣù Kejì ọdún 2014, Toyota pe Prius ìran kẹta tó tó mílíọ̀nù 1.9 padà káàkiri ayé, torí pé ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún ọkọ̀ lè gbóná jù kí ọkọ̀ sì kú lójú ọ̀nà. Ọ̀fẹ́ ni àtúnṣe náà, ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ pé wọ́n gbé ti yín wọ ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n tó ṣe é. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá, ẹ tẹ nọ́ńbà ṣáásí rẹ̀ sórí ìkànnì NHTSA, ẹ ó rí i bóyá wọ́n ti ṣe é. Nọ́ńbà kan náà á tún sọ ọdún tí ọkọ̀ náà jẹ́ gan-an, torí mo ti rí 2010 tí wọ́n ń pè ní 2013.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ wò ó, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má tan án dè yín. Ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ẹ padà lọ́jọ́ míì, kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí gáskẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti ń jó máa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú fún ìṣẹ́jú díẹ̀ tí wọ́n bá kọ́kọ́ tan án ní tútù, tó bá ti gbóná á dákẹ́ bíi pé kò sí nǹkan. Ẹ wo omi tó wà nínú ike rẹ̀ pẹ̀lú. Omi tó ń dín kù láì sí ibi tó ti ń kán sílẹ̀, inú ẹ́ńjìnnì ló ń wọ̀. Ike omi méjì ni Prius ní o, ìkejì jẹ́ ti ẹ̀rọ iná. Nínú ìran kejì, pọ́ǹpù tó ń ti omi kejì yìí máa ń kú: ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tí READY bá wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tí omi náà kò tíì gbóná, ẹ ó rí i bóyá omi ń yí tàbí ó dúró sójú kan.

Bíréèkì náà ń kọ́? Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó gbọ́ pọ́ǹpù kan tó máa dún díẹ̀ kó tó dákẹ́. Bó bá ń dún, tó ń dákẹ́, tó tún ń dún ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ síra láìsí ẹni tó tẹ bíréèkì, owó ńlá wà níbẹ̀ nínú ìran méjèèjì.

Bátìrì ló kù. Ẹ yá skánà kékeré tó ń lo Bluetooth, kẹ́ ẹ sì gba áàpù Dr. Prius sórí fóònù. Ó máa fi búlọ́ọ̀kù hàn ní méjì-méjì, nọ́ńbà 14. Ẹ gbé ọkọ̀ náà gba ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹnì kan máa wo fóònù. Ẹ tẹ epo dáadáa, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa. Tí àwọn nọ́ńbà náà bá ń gòkè tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ pọ̀, kò burú. Tí ọ̀kan bá ń já lulẹ̀ tó fóltì kan ju àwọn yòókù lọ, bátìrì yẹn ti ń dágbére. Ìdí tí mo fi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni pé àwọn kan máa ń pa P0A80, kóòdù bátìrì, rẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ wá. Ó máa ń gba ìrìn díẹ̀ kó tó padà wá. Skánà á tún sọ fún yín bóyá àwọn àyẹ̀wò tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fúnra rẹ̀ ti parí. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò bá tíì parí, ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pa nǹkan rẹ́ ni.

Bí wọ́n bá sọ pé àwọn ti "tún bátìrì ṣe", ẹ béèrè bóyá búlọ́ọ̀kù kan tàbí méjì ni wọ́n pààrọ̀ àbí gbogbo rẹ̀. Fífi búlọ́ọ̀kù àlòkù kan sáàárín àwọn 27 tó ti gbó dà bí ẹni ń fi èkísà lẹ aṣọ tó ti já. Ibòmíì á tún ya lọ́la. Ẹ má sì jẹ́ kí rewáyà tí kò mọ hybrid fọwọ́ kan wáyà aláwọ̀ ọsàn wọ̀nyẹn. Iná tó lé ní fóltì 200 ló ń gba inú wọn, ó sì lè pa èèyàn.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi nìyí: kó má yá owó. Kó lọ béèrè iye tí odidi bátìrì máa ná an, àti iye tí ẹni tó máa fi í sí i máa gbà, kó tó débi ọkọ̀ rárá. Bí ẹ́ńjìnnì àti bíréèkì 2008 bá yege, kó yọ owó bátìrì yẹn nínú ohun tó máa san, kó sì tọ́jú rẹ̀. 2012 tí wọ́n ti fọ ọ̀nà èéfín rẹ̀, tí kò gbọ̀n láàárọ̀, tí bátìrì rẹ̀ sì yege lórí skánà, ó dára ju 2008 lọ fún ẹni tí owó rẹ̀ ká a. 2012 tí kò sẹ́ni tó mọ ìtàn rẹ̀, èmi kò ní fi owó èlé rà á.

Ó ra 2008 náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ fi hàn án ni ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni bátìrì ti ń mí: fáànù kan ń fa atẹ́gùn tútù inú ọkọ̀ gba ibẹ̀ lọ bá a. Eruku ọyẹ́ máa ń dí fáànù yẹn, torí náà kó máa tú u fọ̀ lẹ́yìn ọyẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kó tan AC tí oòrùn bá mú, torí bátìrì náà ń jẹ nínú rẹ̀. Èrò ọjọ́ ọjà tó bá sì fẹ́ gbé àpò gààrí lé orí ihò yẹn, kó rọra bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí wọ́n gbé e sí búùtù.