Bí Bẹ́líìtì, Àpò Afẹ́fẹ́ àti Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Ṣe Ń Ṣiṣẹ́ Pọ̀ Láti Dáàbò Bo Ẹ̀mí

Ní ojú títì káàkiri orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ìṣe kan wà tó ti mọ́ ọ̀pọ̀ awakọ̀ lára. Bí wọ́n bá ti rí àwọn òṣìṣẹ́ Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó lọ́ọ̀ọ́kán, kíá ni wọn yóò fa bẹ́líìtì ìjókòó kọjá àyà, tí wọn yóò sì fi ọwọ́ kan dì í mú láì kì í bọ ojú ihò rẹ̀. Bí wọ́n bá ti kọjá tán, wọn a jọ̀wọ́ rẹ̀, bẹ́líìtì a sì padà sí àyè rẹ̀. Láti ọdún 1988 tí ìjọba àpapọ̀ ti dá àjọ náà sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀, ni ìlàlóye lórí ààbò ojú pópó ti ń lọ. Síbẹ̀, owó ìtanràn ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ṣì ń tìtorí rẹ̀ fa bẹ́líìtì. Ohun tí bẹ́líìtì ń dá dúró kò kan owó ìtanràn rárá. Ọ̀rọ̀ ọpọlọ, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn ni.

Gẹ́gẹ́ bí ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 1.19 ni ìjàǹbá ojú pópó pa káàkiri àgbáyé ní ọdún 2021. Ìjàǹbá yìí kan náà ló ń pa àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 5 sí 29 ju àìsàn èyíkéyìí lọ.

Nígbà tí ọkọ̀ tó ń sáré 50 kìlómítà láàrin wákàtí kan bá kọlu ògiri, ìkọlù mẹ́ta ló ń wáyé. Àkọ́kọ́ ni ti ọkọ̀ àti ògiri. Ọkọ̀ ti dúró, ṣùgbọ́n ara ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò tíì dúró. Ó ṣì ń bá eré náà lọ títí tí yóò fi kọlu sítíárìn, dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí gíláàsì iwájú. Ìkọlù kejì nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ojú kì í rí: ọpọlọ á gbá ara rẹ̀ mọ́ agbárí láti inú, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn á fì síwájú, wọ́n sì lè ya níbi tí wọ́n ti so mọ́ ara. Ìdí nìyí tí ẹnì kan fi lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde nínú ọkọ̀ tó forí sọ, láìní ojú egbò kankan, kí ẹ̀jẹ̀ sì ti máa dà sí i nínú ikùn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ lọ sílé lọ sùn. Ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ.

Agbára tó wà nínú eré 50 kìlómítà yìí kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó já bọ́ láti òkè tó ga tó mítà 10, ìyẹn bí òkè ilé alájà mẹ́ta. Kò sí ẹni tí yóò rò pé òun lè fi ọwọ́ méjèèjì gba ara òun dúró bí ó bá já bọ́ láti ibẹ̀. Àwọn kan sì gbà pé àwọn lè fi ọwọ́ ti dáṣíbọ́ọ̀dù kí orí má baà kàn án.

Ẹnjiníà ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden kan, Nils Bohlin, ló ṣe bẹ́líìtì olójú mẹ́ta tó wà nínú ọkọ̀ òde òní. Kí ó tó dé ilé iṣẹ́ Volvo, iṣẹ́ rẹ̀ dá lórí àga tí ń ju awakọ̀ òfurufú jáde bí ewu bá dé. Ní ọdún 1959 ni Volvo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bẹ́líìtì náà sínú ọkọ̀, wọ́n sì yọ̀ǹda kí àwọn ilé iṣẹ́ yòókù máa lò ó láì san kọ́bọ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ni pé ó di ẹrù ìkọlù lé ibi tí egungun wà lára: ìbàdí, àyà àti èjìká. Ó yẹ̀ ẹ́ kúrò lórí ikùn, níbi tí kò sí egungun tó lè gbà á dúró.

Nítorí náà, ibi tí bẹ́líìtì gbà kọjá lára ṣe pàtàkì bíi wíwọ̀ rẹ̀ gan-an. Apá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní ìbàdí, kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan itan. Apá òkè gbọ́dọ̀ gba agbede-méjì èjìká kọjá sí àárín àyà. Àwọn tó ń tì í bọ abẹ́ abíyá nítorí pé ó ń há wọn lọ́rùn ti sọ ọ́ di ohun tó lè ṣẹ́ egungun ìhà wọn. Ẹni tó wọ agbádá ní láti kó aṣọ náà sápá kan kí bẹ́líìtì lè lẹ̀ mọ́ ara. Ẹni tó dá àga sẹ́yìn tó ń sùn lọ ní tirẹ̀ lè yọ́ gba abẹ́ bẹ́líìtì lọ nígbà ìkọlù, kí bẹ́líìtì náà sì wá há a níkùn.

Àwọn aláboyún ni wọ́n sábà máa ń yẹra fún un jù, nítorí ìbẹ̀rù pé yóò fún ọmọ inú. Ìmọ̀ràn àwọn oníṣègùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè gba ẹ̀mí ọmọ inú jù lọ nínú ìjàǹbá ni kí ìyá rẹ̀ fara pa tàbí kí sítíárìn gbá ikùn. Kí aláboyún fi apá ìsàlẹ̀ sí abẹ́ ikùn, ní orí egungun ìbàdí, kí apá òkè gba àárín ọmú méjèèjì kọjá sí ẹ̀gbẹ́ ikùn. Kò gbọdọ̀ gba orí ikùn kọjá rárá.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bẹ́líìtì ń dín ewu ikú kù tó ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún fún àwọn tó jókòó níwájú, àti ìdá 25 fún àwọn tó wà lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ yìí kò túmọ̀ sí pé kí èrò ẹ̀yìn fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Èrò ẹ̀yìn tí kò so bẹ́líìtì yóò fò lu ẹ̀yìn àga ẹni tó wà níwájú, ẹni tó so tirẹ̀ sì lè tipa bẹ́ẹ̀ kú.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé ló le jù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa, ìyá ni yóò jókòó níwájú tí yóò sì gbé ọmọ lé itan. Bí ọkọ̀ tó ń sá 50 kìlómítà bá forí sọ, ọmọ tó wọn kìlógíráàmù 10 yóò fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ bí ẹrù tó tó kìlógíráàmù 200, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin. Kò sí ìyá tó lágbára tó bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí ìfẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ó bá sì so bẹ́líìtì kan yí ara rẹ̀ àti ọmọ ká, ara ìyá gan-an ni yóò tẹ ọmọ mọ́ bẹ́líìtì.

Àga ọmọdé tí wọ́n so mọ́ ìjókòó ẹ̀yìn ni ààbò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ààbò ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà sọ pé irú àga yìí ń dín ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kù tó ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọjú sí nínú àga náà, nítorí orí rẹ̀ wúwo, ọrùn rẹ̀ kò sì tíì gbó. Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ a máa lo àga ìgbéga tí yóò mú kí bẹ́líìtì gba orí ìbàdí àti èjìká rẹ̀, títí tí yóò fi ga tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145. Owó irú àga bẹ́ẹ̀ kò kéré lóòótọ́. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò bá tíì ká a lè gbé ọmọ tó ti lè jókòó dáadáa kúrò níwájú, kí ó jókòó lẹ́yìn, kí wọ́n sì so bẹ́líìtì tirẹ̀ fún un. Èyí kò tó àga ọmọdé, àmọ́ ó dára ju orí itan lọ.

Àpò afẹ́fẹ́, tí àwọn awakọ̀ ń pè ní ẹ́ábáàgì, kì í ṣe arọ́pò fún bẹ́líìtì. Lẹ́tà SRS tó wà lára ọkọ̀ ń tọ́ka sí i pé olùrànlọ́wọ́ lásán ni. Kí ojú tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, àpò náà ti wú tán, agbára tó sì fi ń jáde lè ṣẹ́ ọrùn ẹni tí bẹ́líìtì kò dì mú, tí ara rẹ̀ ti ń fò bọ̀ wá pàdé rẹ̀. Kí àyà awakọ̀ jìnnà sí sítíárìn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ó kéré tán. Àga ọmọ ọwọ́ tó kọjú sẹ́yìn kò gbọdọ̀ wà ní iwájú àpò afẹ́fẹ́ tó ń ṣiṣẹ́, nítorí ó lè pa ọmọ náà lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ onímọ́tò kò tíì rò dé. Kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pàṣẹ fún àpò afẹ́fẹ́, tó sì ń fún bẹ́líìtì mọ́ ara ní àkókò ìkọlù, iná ló ń jẹ, ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ bá sì wà ní ojú ON nìkan ni iná náà ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí kọ́kọ́rọ́ bá yí padà sí ACC lórí eré, ẹ́ńjìnnì yóò kú, sítíárìn yóò le, bíréèkì yóò le lẹ́yìn títẹ̀ bíi mélòó kan, àpò afẹ́fẹ́ sì lè má tú.

Ní ọdún 2014, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilé iṣẹ́ General Motors ní Amẹ́ríkà nìyí. Ojú ibi tí wọ́n ti ń yí kọ́kọ́rọ́ nínú àwọn ọkọ̀ wọn kan, títí kan Chevrolet Cobalt àti Saturn Ion, rọ̀ jù, tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka kọ́kọ́rọ́ tó wúwo tàbí orúnkún awakọ̀ tó gbá a lè yí i kúrò ní ON. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 2.6 ọkọ̀ ni wọ́n pè padà fún àtúnṣe. Àjọ tó san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó fara kááṣá rẹ̀ gbà pé ènìyàn 124 ló kú. Ìmọ̀ràn tí wọ́n fún àwọn onímọ́tò kí àtúnṣe tó dé ni pé kí wọ́n tú gbogbo ohun mìíràn kúrò lára kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Ohun tí àìpé ẹ̀rọ fà ní Amẹ́ríkà ni àwọn awakọ̀ kan ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe níbí. Bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọn a fi jíà sí fírí, wọn a sì pa ẹ́ńjìnnì kí epo má baà jó. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, kò sí èrè kankan níbẹ̀: bí ọkọ̀ bá wà nínú jíà, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ń dá epo dúró. Ẹni tó bá sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ pátápátá lórí eré lè rí i pé sítíárìn ti há. Bí tọ́tù bá há mọ́lẹ̀ láì padà, fífi jíà sí fírí, títẹ bíréèkì ṣinṣin àti yíyà sí ẹ̀gbẹ́ títì ló kọ́kọ́ kàn, kí awakọ̀ tó pa ẹ́ńjìnnì.

Kọ́kọ́rọ́ yìí kan náà ni onímọ́tò lè fi yẹ ààbò rẹ̀ wò. Bí ó bá yí i sí ON, iná àpò afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kí ó sì kú. Bí kò bá kú, àbùkù wà. Bí kò bá tilẹ̀ tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ má baà fura pé àpò náà ti tú nínú ìjàǹbá tẹ́lẹ̀. Bẹ́líìtì pẹ̀lú ní àyẹ̀wò tirẹ̀: bí wọ́n bá fà á lójijì, ó gbọ́dọ̀ há. Èyí tí kò há, tàbí tó ti já lẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tó ti gba ìjàǹbá ńlá kan kọjá, pípààrọ̀ ló yẹ ẹ́.

Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ tún ní ìdí mìíràn láti ṣọ́ra. Àpò afẹ́fẹ́ tí ilé iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe wà nínú ọkọ̀ oríṣiríṣi ilé iṣẹ́. Ooru àti ọ̀rinrin ọlọ́jọ́ pípẹ́ máa ń ba ohun tó ń wú u jẹ́, tí yóò fi bú gbàmù, tí yóò sì fọ́n irin sí awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 67 ni wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n pààrọ̀ ní Amẹ́ríkà nìkan, ilé iṣẹ́ náà sì kéde ní ọdún 2017 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Àwọn ìpínlẹ̀ tí ooru àti ọ̀rinrin ti pọ̀, bíi Florida, ni wọ́n kọ́kọ́ dojú kọ. Ojú ọjọ́ Èkó kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ibẹ̀.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tí ó jẹ́ lẹ́tà àti òǹkà 17, wà ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú ní apá ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ sórí ojú òpó íńtánẹ́ẹ̀tì àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, láì san owó, yóò mọ̀ bóyá ìpè fún àtúnṣe kan ṣì wà lórí ọkọ̀ tó wá láti ibẹ̀. Kí ó tó sanwó ni ó ti yẹ kí ó ṣe èyí. Ó sì lè ṣòro fún oníbàárà láti mọ ibi tí àpò afẹ́fẹ́ àlòkù tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ti wá.