Bí Kọ̀ǹpútà Yín Bá Pe Orúkọ Kan Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀yin ọmọ Káàárọ̀-oò-jíire tí ẹ ń gbé Mile 3 ní Diobu, nílùú Port Harcourt, tí ẹ ń fi kọ̀ǹpútà jẹun, tàbí tí ọmọ yín ń kàwé ní Rivers State University tí ó wà ní Nkpolu-Oroworukwo nítòsí yín, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Àwọn kan ti ń fi Linux sínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ wọn, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo jù fún ẹ̀rọ tí ó ti dàgbà díẹ̀. Linus Torvalds, ọmọ ilẹ̀ Finland, ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1991. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà rẹ̀ tí òkìkí wọn kàn ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, dá sílẹ̀ ní 2004. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ náà wá àtúnṣe tuntun, ó lè kìlọ̀ fún yín pé “configured multiple times”, tàbí kí ẹ rí orúkọ ètò kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀mejì nínú àkójọ. Àwọn alátùn-únṣe kan a máa sọ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, àfi kí a nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò, kí a sì tún un tò. Owó lọ nìyẹn, iṣẹ́ àṣekágbá tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ sì lè bá a lọ. Ọ̀rọ̀ náà kò tó bẹ́ẹ̀ rárá.

Ubuntu ní ìwé kékeré kan tí a kọ orúkọ àwọn ìsọ̀ tí yóò ti máa kó ètò sí. Ìwé náà ni /etc/apt/sources.list, àti àwọn mìíràn tí ó wà nínú àpò /etc/apt/sources.list.d. Bí ẹ bá rán ọmọ lọ sí ọjà Mile 3, tí ẹ kọ ìsọ̀ kan náà sínú ìwé méjì fún un, bí ó bá gbọ́n, yóò béèrè pé kí ni ó dé. Ìbéèrè yìí gan-an ni kọ̀ǹpútà ń bi yín.

Láti ìgbà tí Ubuntu 24.04 ti jáde ní oṣù kẹrin 2024, inú fáìlì ubuntu.sources ni ó ń kọ àwọn ìsọ̀ tirẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé ìlànà àtijọ́, tí ó tún dá àwọn ìlà náà padà sínú sources.list, ti kọ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà ni ti Google Chrome: òun fúnra rẹ̀ ní fáìlì tí ó ń kọ, tí ẹni tí ó ti fọwọ́ kọ òmíràn ṣáájú yóò sì rí ìkìlọ̀ yìí.

Ìkìlọ̀ náà a máa dárúkọ fáìlì méjèèjì àti nọ́ńbà ìlà wọn. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà pamọ́. Ẹ wá fi àmì # síwájú ọ̀kan nínú ìlà méjèèjì. Ẹ má pa á rẹ́. Bí orúkọ fáìlì bá parí sí .sources, ẹ kọ Enabled: no sí abala tí ọ̀rọ̀ kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ sudo apt update. Bí ó bá dákẹ́, ó parí.

Èyí tí ó burú jù ni èyí tí kì í kìlọ̀: bí àdírẹ́sì méjèèjì bá yàtọ̀, tí ọjà inú wọn sì jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ̀rọ yóò wa àkójọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì, owó dátà yín ni yóò sì jẹ. Ẹ tẹ apt policy, kí ẹ fi orúkọ ètò náà tẹ̀lé e, ẹ ó rí ibi tí ó ti ń wá.

Àmọ́ àwọn kan wà tí wọ́n jẹ́ ìbejì. libc6:amd64 àti libc6:i386 dàbí Táíwò àti Kẹ́hìndé: orúkọ jọra, iṣẹ́ yàtọ̀. Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Bákan náà ni linux-image, tí ẹ̀rọ ń fi ti àtijọ́ pamọ́ nítorí ọjọ́ tí tuntun bá kọ̀ láti ṣí. Bí àyè bá há, sudo apt autoremove ni yóò ṣa èyí tí kò wúlò mọ́ kúrò, yóò sì fi èyí tí ẹ ń lò lọ́wọ́ sílẹ̀.