Ẹ Kú Ọyẹ́ O: Ìmọ̀ràn fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Lọ Ṣọdún Nílé

Ètè ti ń bó, gìgísẹ̀ ti ń là, ọ̀pọ̀ yín sì ti ń di ẹrù láti lọ ṣọdún ní ìlú yín. Ìlera yín lójú ọ̀nà ni a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé ọyẹ́ kì í ṣe òtútù àárọ̀ nìkan.

Láti aginjù Sàhárà ni atẹ́gùn ti ń gbé eruku ọyẹ́ wá, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní ilẹ̀ Chad. Eruku náà kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Bí ó bá pàdé kùrukùru òwúrọ̀ àti èéfín igbó tí wọ́n ń sun, ojú ọ̀nà a bò pátápátá.

Àṣà wa ni pé kí a gbéra ní agogo mẹ́rin ìdájí, kí a lè bọ́ lọ́wọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìbàfò àti Mówe. Èrò náà dára, ṣùgbọ́n lásìkò ọyẹ́, ìdájí gan-an ni kò ṣeé rìn. Ẹ wò ó báyìí: òfin fi àyè gba mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ láti sá 100 kìlómítà ní wákàtí kan ní títì márosẹ̀, 90 sì ni ti bọ́ọ̀sì èrò. Mọ́tò tí ń sá 100 a máa rìn tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo. Bí dírẹ́bà kò bá rí ju 30 mítà lọ níwájú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, ó ti dé ìdí tírélà tí wọ́n pa sí ẹ̀bá títì ní Ògèrè láìní iná lẹ́yìn. Èmi ní tèmi, n kì í kúrò nílé kí oòrùn tó là dáadáa. Ẹni tí ó bá fẹ́ máa pè mí ní ojo lè máa pè mí.

Bí eruku bá ká yín mọ́ ọ̀nà, iná kékeré ni kí ẹ tàn. Iná ńlá a máa ta padà láti ara eruku sí ojú ẹni tó tàn án ni. Bí mọ́tò bá dákú, ẹ má fi ewé ṣe àmì, ewé kì í hàn nínú eruku. Àmì pupa onígun mẹ́ta ni kí ẹ gbé sí ọ̀nà jíjìn lẹ́yìn mọ́tò, kí gbogbo èrò sì kúrò lórí títì. Ẹ yẹ táyà wò pẹ̀lú: nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀, bí àpẹẹrẹ 2322, tí ó túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2022 ni wọ́n ṣe é. Táyà tí ó ti lé ní ọdún mẹ́rin kò yẹ fún ìrìnàjò ọdún.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Èkó lọ sí Ìlọrin. Obìnrin kan jókòó níwájú mi pẹ̀lú ọmọkùnrin rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ. Síngílẹ́ẹ̀tì ni ọmọ náà wọ̀, fèrèsé sì ṣí sílẹ̀. Bí ó bá ti ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ìyá rẹ̀ a ní, “Ní sùúrù, ọkọ mi. Bí o bá mu omi báyìí, ìtọ̀ á máa gbọ̀n ọ́, dírẹ́bà kò sì ní dúró.” Kí a tó dé Ọ̀yọ́, ọmọ ti ń di ẹsẹ̀ mú. Nígbà tí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́, igbe ló ń ké. Ibẹ̀ ni ìyá ti wá sọ fún wa pé ẹ̀jẹ̀ SS ni ọmọ òun. Àwa èrò bẹ dírẹ́bà, ó yà sí ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì sì gbà á, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n fa omi sí i lára. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìyá náà pè mí lórí fóònù: ara ọmọ ti yá, ṣùgbọ́n orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ṣọdún.

Ìyá yìí kò burú. Ohun tí ọ̀pọ̀ abiyamọ ń ṣe lójú ọ̀nà ló ṣe. Ṣùgbọ́n òtútù àti àìmu omi tó wà lára ohun tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ àwọn SS tẹ̀ bí dòjé, kí ó sì dí ojú iṣan. Ẹ wọ aṣọ tó nípọn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní omi léraléra, kí ẹ sì ti bá dírẹ́bà sọ ọ́ ní gáréèjì pé ẹ ó máa dúró. Ẹni tí ó ní ásímà, kí ó fi oògùn tí ó ń fà sí ẹnu sínú àpò ara rẹ̀, kì í ṣe sínú ẹrù tó wà ní búùtù. Bí imú ọmọ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ má gbé orí rẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, kí ẹ fún ibi tó rọ̀ ní imú rẹ̀ pọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìtú u.

Ti paragá ńkọ́? Àwọn dírẹ́bà ní ó ń lé òtútù. Irọ́ ni. Ọtí a máa mú kí ara tètè sọ ooru rẹ̀ nù, a sì máa mú kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ falẹ̀. Bí ẹ bá gbóòórùn rẹ̀ lẹ́nu dírẹ́bà, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kódà bí ẹ ti san owó.

Bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, 112 sì ni ti pàjáwìrì. Ní Èkó, ẹ tún lè pe 767. Ẹ má fa ẹni tó farapa ní apá yọ bí iná kò bá jó, ẹ má sì bu omi fún un mu. Aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi tẹ ojú ọgbẹ́ tí ń ṣẹ̀jẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni pàjáwìrì; ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san ₦100,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà.

Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ bi àwọn ará ilé léèrè ibi tí ilé ìtọ́jú ìlera tó súnmọ́ yín wà, àti bóyá nọ́ọ̀sì máa ń wà níbẹ̀ lóru. Kí ẹ tó kúrò ní Èkó pàápàá, ẹ kọ orúkọ, irú ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ẹ ń lò àti nọ́ńbà ẹnì kan nínú ẹbí sí ìwé kékeré, kí olúkúlùkù fi tirẹ̀ sápò.